Èwo la ó fi ṣíde, èwo la ó fi kádìí? Ìfiwéra àwọn eré vaudeville fún ẹni tó ń yan òṣèré

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ to eré oríṣiríṣi fún gbọ̀ngàn kan n'Íbàdàn, apanilẹ́rìn-ín ni mo gbé jáde ṣáájú. Mo rò pé ẹ̀rín ló yẹ ká fi kí èèyàn káàbọ̀. Ọmọkùnrin náà dáńgájíá. Mo ti gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó méjì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni èrò ṣì ń wọlé. Ẹnì kan ń fi iná fóònù wá nọ́ńbà àga rẹ̀, ìyá kan ń sọ pé "ẹ dákun, ẹ jẹ́ n kọjá," àwọn ọmọ ń fa ìjókòó wọ́ nílẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kó pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí. Nígbà tó bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀rọ̀ mi ni kò dùn ni?" N kò rí èsì fún un. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo gbé e sí ipò kejì láti ìparí. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ, ẹ̀wù kan náà ló wọ̀, àwọn èèyàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka nípa àwọn tó fi iṣẹ́ yìí jẹun ju ẹnikẹ́ni lọ, ìyẹn àwọn máníjà ilé eré vaudeville ní Amẹ́ríkà. Nínú eré vaudeville, lórí ìjókòó kan ṣoṣo, ẹ ó rí akọrin, onídán, ẹlẹ́kìtì tó ń ta òkìtì, apanilẹ́rìn-ín, ajá tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, àti eré kúkúrú tó ní ìtàn nínú, tí ọ̀kan kò bá èkejì tan rárá. Tony Pastor ṣí ilé eré sí Òpópónà Kẹrìnlá ní New York ní 1881, ó sì lé ọ̀rọ̀ rírùn kúrò lórí ìtàgé kí ìyá àti ọmọ lè wá wòran láìbojú. Ní Boston, láti 1885, B. F. Keith ń ṣe eré tí kì í dáwọ́ dúró láti àárọ̀ dé alẹ́: ìgbà tó bá wù ọ́ lo lè wọlé. Nígbà tó di 1913, Martin Beck kọ́ ilé eré Palace sí Broadway, òpópónà àwọn ilé eré ní New York, kò sì pẹ́ tí ibẹ̀ fi di ojúde ọba fún gbogbo òṣèré irú eré yìí. Ẹni tí kò bá tíì ṣeré níbẹ̀, kò tíì dé ibi tó ń lọ. Ní 1932 ni fíìmù gba ìtàgé náà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí mo rí kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni pé ẹni tó ń yan eré kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé èwo ló dùn jù. Kó béèrè pé ipò wo ló ṣófo, kí ló ṣáájú ipò náà, kí ló tẹ̀ lé e, báwo sì ni ìtàgé ṣe fẹ̀ tó nígbà tó bá kàn án. Eré méjì tí wọ́n jọ dùn bákan náà kì í sábà wúlò bákan náà. Bí mo ṣe ń fi wọ́n wéra nìyí, mo sì máa pẹ́ lórí àwọn kan ju àwọn mìíràn lọ, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣìnà jù.

Bí wọ́n ṣe ń wo eré

Ọjọ́ Ajé ni òṣèré tuntun máa ń dé sílé eré Keith. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, máníjà yóò jókòó wo eré àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sì kọ ìjábọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: iṣẹ́jú mélòó ló gbà, báwo ni wọ́n ṣe lo ìtàgé, báwo ni èrò ṣe gbà á, kí ló ní kí wọ́n yọ kúrò. Ìwé náà yóò lọ sí ọ́fíìsì New York, àwọn máníjà ìlú mìíràn yóò sì mọ ohun tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ìjábọ̀ náà ṣì wà ní Yunifásítì Iowa di òní. Bí ọ̀rọ̀ kan tàbí ìṣesí kan kò bá bá wọn lára mu, ẹ̀yìn eré àkọ́kọ́ yẹn náà ni òṣèré máa ń gba àpò ìwé aláwọ̀ búlúù tí wọ́n kọ ohun tó gbọ́dọ̀ yọ sínú rẹ̀. Keith kò fi ṣeré. Ìkìlọ̀ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìtàgé sọ pé kódà èébú kékeré tí àwọn ọmọ ìgboro ń sọ lójoojúmọ́ lè mú kí wọ́n lé òṣèré kúrò lẹ́yẹ-ò-sọkà.

Mo fẹ́ràn ìjábọ̀ wọ̀nyẹn nítorí pé ohun tí máníjà fẹ́ràn lọ́tọ̀, ohun tí èrò ṣe lọ́tọ̀. Máníjà lè má fẹ́ràn eré kan, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àtẹ́wọ́ pọ̀. Ẹni tí kò bá lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, kó má tíì yan eré fún ẹlòmíràn.

Eré odi àti orin: ta ni kó ṣíde?

Ní 1915, George Gottlieb, ẹni tó ń to eré fún Palace, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń to eré mẹ́sàn-án sí alẹ́ kan. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ eré tí kò lọ́rọ̀ nínú: ẹlẹ́kìtì, ẹni tó ń ju nǹkan sókè tó ń hán wọn, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí okùn. Eré odi ni wọ́n ń pè é. Àkókò yẹn ni èrò ń wọlé lọ́wọ́, ariwo àga sì kò lè ba ohun tí ojú ń wò jẹ́. Ẹni tó bá jókòó pẹ́ lè wò ó láti ìdajì, kò sì ní sọ nǹkan kan nù.

Akọrin ni tiẹ̀, tí ọ̀rọ̀ inú orin rẹ̀ bá nítumọ̀, ìparun ni ipò kìíní jẹ́ fún un. Ipò kejì ló dára fún orin, pàápàá orin tọkọtaya tàbí ti ẹni méjì: gbọ̀ngàn ti ń dákẹ́, etí ti ń là, orin ìrọ̀rùn yóò sì pa wọ́n pọ̀. Nítorí náà bí ẹlẹ́kìtì kan àti akọrin kan bá wá sọ́dọ̀ rẹ, tí ipò kìíní nìkan ló kù, ẹlẹ́kìtì ni kó o mú, kódà kí akọrin náà fi ohùn ju ẹyẹ lọ. Akọrin náà gan-an lò ń gbà sílẹ̀.

Òṣèré kan wà tó fi hàn pé eré lè kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn. Will Rogers, ọmọ Cherokee, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló mọ okùn tí wọ́n fi ń mú màlúù lò débi pé ó lè fi kó ẹṣin àti ẹni tó gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1905 ló gbé e wá sórí ìtàgé New York, láìsọ nǹkan kan. Eré odi ni. Lọ́jọ́ kan ló la ẹnu láti ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe, èrò bú sẹ́rìn-ín sí bó ṣe ń sọ̀rọ̀, inú sì bí i nítorí kò fi ṣe àwàdà. Àwọn tó mọ̀ ní ẹ̀yìn ìtàgé ni wọ́n sọ fún un pé kó má dákẹ́ mọ́. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ borí okùn náà. Bó o bá ń wo eré odi, wo ojú òṣèré náà pẹ̀lú. Bó bá ní ojú tí èèyàn fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀.

Iwájú kọ́tìnì àti gbogbo ìtàgé

Ẹ jẹ́ ká wo èyí dáadáa, nítorí àwọn tó ń wòran kì í rí i, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbé gbogbo alẹ́ dúró. Àwọn òṣèré vaudeville máa ń ka ìtàgé bí ìgbà tí wọ́n bá fi ìlà pín in láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. "Ọ̀kan" ni ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín iná iwájú àti aṣọ àkọ́kọ́ tó rọ̀ sílẹ̀, ibi tí ẹni kan tàbí méjì lè dúró sí. "Méjì" jìnnà sẹ́yìn díẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni gbogbo ìtàgé, pẹ̀lú tábìlì, àga, ògiri alápótí, fèrèsé.

Fojú inú wò ó. Eré kúkúrú kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, gbogbo ìtàgé kún fún àga ilé olówó kan. Aṣọ sọ̀ kalẹ̀. Kí àtẹ́wọ́ tó tán, ọkùnrin kan ti jáde sí iwájú aṣọ náà, ó ti fi ọwọ́ kan fìlà rẹ̀, ó ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀yìn rẹ̀, ní ìwọ̀n apá méjì sí i, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé àga jáde, wọ́n ń yí ògiri padà, wọ́n ń so ọ̀pá àwọn ẹlẹ́kìtì mọ́ òkè. Àwọn tó jókòó kò gbọ́ ìró wọn, nítorí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́jú méjìlá ló gbà láti tún ìtàgé ṣe, iṣẹ́jú méjìlá gan-an ló sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá sọ mẹ́jọ, ojú yóò tì wá. Bó bá sọ ogún, ara àwọn ẹlẹ́kìtì tí wọ́n ti nà yóò ti tutù.

Bí wọ́n bá gbé òṣèré méjì wá fún ọ, tí wọ́n jọ dùn, tí owó wọn jọra, ẹni tó lè ṣeré níwájú kọ́tìnì ló wúlò jù, nítorí ó ń ra àkókò fún ẹlòmíràn. Mo ti rí ẹgbẹ́ ijó tó rẹwà tí n kò lè mú, kì í ṣe nítorí ijó wọn, ṣùgbọ́n nítorí pé eré mẹ́ta tí mo ti ní tẹ́lẹ̀ ló gba gbogbo ìtàgé. Bí mo bá fi ìkẹrin kún un, òkùnkùn ni àwọn èèyàn ì bá máa jókòó wò láàárín wọn.

Adáṣe aláwàdà àti eré kúkúrú

Ipò kẹta àti ìkeje ni eré kúkúrú máa ń wà nínú bí wọ́n ṣe ń to mẹ́sàn-án, tí aláwàdà tó ń dá ṣe sì máa ń wà ní ìkẹjọ, ìyẹn ìkejì láti ìparí. Ipò yẹn ni oyè. Gbogbo apanilẹ́rìn-ín ló ń dù ú. Láti ìkẹjọ ni ẹ̀rín ti máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu àwọn tó ń lọ sílé.

Ohun tí eré kúkúrú ní tí aláwàdà kò ní ni orúkọ ńlá láti orí ìtàgé eré onítàn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí Palace ṣí ní 1913, èrò kò pọ̀, àwọn èèyàn sì ti ń sọ pé owó ti bọ́ sínú kànga. Ethel Barrymore ló kọ́kọ́ mú kí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, Sarah Bernhardt láti ilẹ̀ Faransé dé, tó ń fi èdè Faransé ṣeré fún àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ọ. Ìlà àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì gùn. Orúkọ lè gbé ilé eré dìde, kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n eré kúkúrú wọ́n: òṣèré mẹ́rin, àga, aṣọ, ìdánrawò. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ṣàìsàn, gbogbo rẹ̀ dúró. Aláwàdà kan ń wọ bàtà rẹ̀, ó dé. Ohun tí mo máa ń yẹ̀ wò lára aláwàdà ni ohùn. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ ọdún vaudeville, kò sí máíkì. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn lókè pátápátá láìjẹ́ pé ó ń pariwo. Lónìí tí máíkì wà, mo ṣì máa ń pa á nígbà tí mo bá ń dán ẹnì kan wò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣì mọ́ létí lẹ́yìn ìyẹn, ó mọ ibi tó yẹ kó ti dánu dúró.

Idán púpọ̀ àbí idán kan

Ní 1899, ọ̀dọ́mọkùnrin onídán kan ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn ọtí kan ní St. Paul, ní Minnesota. Ó ní káàdì, ó ní idán wẹ́wẹ́, ó sì ní bó ṣe ń bọ́ kúrò nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Harry Houdini ni. Martin Beck wọlé, ó rí i, ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dán an wò, ó bọ́. Beck ní kó ju idán wẹ́wẹ́ sílẹ̀, kó di bíbọ́ kúrò nínú ìdè mú, ó sì fún un ní 60 dọ́là lọ́sẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ní Omaha. Láàárín ọdún díẹ̀, gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n.

Mo rò ó títí pé kí ni Beck rí. Ọ̀pọ̀ onídán ló mọ káàdì ju Houdini lọ. Ṣùgbọ́n bí onídán bá ṣe idán mẹ́wàá, inú èrò yóò dùn, wọn yóò gbàgbé mẹ́jọ kí wọ́n tó dé ilé. Bí ó bá ṣe ẹyọ kan tí ẹ̀rù rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí àwọn ará ìlú fúnra wọn mú ìdè wá láti dè é, gbogbo ìlú ló ti di alábàáṣe. Ẹni tó mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọlọ́pàá wá yóò mú ìyàwó àti àwọn àbúrò rẹ̀ wá wò ó. Ní ilẹ̀ wa, àwọn eégún aláré tó ń pidán mọ èyí dáadáa: bí wọ́n bá fẹ́ di òjòlá, wọn kì í kánjú. Aṣọ yóò máa rìn, ìlù yóò máa lọ, èèyàn yóò ti dìde dúró kí orí ejò tó yọ.

Nítorí náà, láàárín onídán tó ní nǹkan púpọ̀ àti èyí tó ní ẹyọ kan tó jinlẹ̀, mú ẹlẹ́yọ kan, bó bá lè gbé iṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìsú èèyàn. Onídán púpọ̀ dára fún ilé kékeré tàbí fún ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mo ń fi ọkàn mi sọ. William Robinson, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fi orúkọ Chung Ling Soo ṣe bí ará Ṣáínà, ń ṣe idán hán ọta ìbọn. Ní oṣù kẹta 1918, ní Wood Green Empire ní London, ìbọn náà yìn ní tòótọ́, ọta sì wọ̀ ọ́ láyà. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Bí eré bá lè pa òṣèré bí irinṣẹ́ kékeré kan bá bàjẹ́, mi ò ní mú un, iye yòówù kí èrò tó fẹ́ rí i pọ̀ tó.

Ẹranko àti ẹlẹ́kìtì fún ìparí

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí eré kẹsàn-án bá ń lọ, àwọn kan ti ń wọ ẹ̀wù òtútù wọn, wọ́n ti ń yọ́ jáde. Eré tó ga tó sì ń dán lójú ló yẹ níbẹ̀, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè rí i lórí àwọn tó dìde dúró. Nítorí náà ni wọ́n fi ń lo ẹlẹ́kìtì orí ọ̀pá àti ẹranko. Àwọn ẹranko kan lókìkí gan-an: ẹ rántí eré Swain, tí èkúté ń gun ológbò bí ẹni gun ẹṣin. Ti èmi, ẹlẹ́kìtì ni mo máa ń mú. Ẹranko kò lè sọ fún ọ bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́, ìrìn àjò láti ìlú dé ìlú nínú ọkọ̀ ojú irin kò sì rọrùn fún un. Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Buster Keaton, tó padà di gbajúmọ̀ aláwàdà fíìmù, ti wà nínú eré àwọn òbí rẹ̀ láti kékeré, wọ́n sì rán ìdìmú àpótí mọ́ ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ kí bàbá rẹ̀ lè máa gbé e jù káàkiri ìtàgé. Èrò ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń dáàbò bo ọmọdé ní New York kò rẹ́rìn-ín, mo sì wà lẹ́yìn wọn.

Ibi tí òṣùwọ̀n wọn ti ṣẹ́

N kò lè yin àwọn máníjà wọ̀nyẹn kí n dákẹ́ lórí èyí. Ní ọ̀pọ̀ ilé eré ńlá, àṣà ni pé eré aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà sí alẹ́ kan. Òfin mìíràn tún wà lábẹ́lẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú kò gbọ́dọ̀ dá ṣeré, àfi kí wọ́n jẹ́ méjì. Ìdí nìyẹn tí Bill Robinson, oníjó aláwọ̀ dúdú, fi bá George Cooper ṣeré fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó lè dá dúró. Ẹni tó rí Robinson lórí àtẹ̀gùn, tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà onígi, tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìró tirẹ̀ bí ìgbà tí àyàn ń fi ìlù sọ̀rọ̀, yóò mọ̀ pé kò sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ dúró tì í.

Kó o tún wá fi Bert Williams wé àwọn aláwàdà ìgbà rẹ̀. Nassau, ní Bahamas, ni wọ́n ti bí i. Òun àti George Walker ni wọ́n jọ ṣeré. Ó máa ń kun ojú rẹ̀ tó pupa ní dúdú kí èrò lè gbà á. Lábẹ́ ìyà yẹn náà, ó jókòó lórí àga kan, iná kan ṣoṣo lójú rẹ̀, ó sì ta póòkà pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí kò sí níbẹ̀. Ó pín káàdì tí kò sí. Ó yọ tirẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀, ìrètí tàn lójú rẹ̀. Ó wo àwọn tó kù, ó fi owó kún un. Ìgbà tó yá, èjìká rẹ̀ wálẹ̀, o sì mọ̀ pé ó ti pàdánù, bẹ́ẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ fi ohun kan han ọ̀dọ́mọdé òṣèré nípa bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe lè kún gbọ̀ngàn, eré yẹn ni.

Ìtàn kan wà níbẹ̀ tó kan wa. Ní 1894, ní ìpàtẹ ńlá kan ní San Francisco, wọ́n ń retí àwọn ará Dahomey, ìyẹn orílẹ̀-èdè Benin òde òní, láti wá ṣe abúlé ilẹ̀ Áfíríkà fún ìwòran. Wọ́n pẹ́ dé. Wọ́n wá gba Williams àti Walker pé kí wọ́n ṣe bí ará Dahomey. Nígbà tí àwọn ará Dahomey gan-an dé, Walker àti Williams ń lọ wò wọ́n lójoojúmọ́, ọkàn wọn sì yí padà sí ilẹ̀ tí baba ńlá wọn ti wá. Ní 1903, wọ́n gbé eré olórin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ In Dahomey wá sí Broadway, lẹ́yìn náà sí London, títí dé ààfin Buckingham. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe bí ẹni tí wọn kì í ṣe ló wá ń fi orúkọ ilẹ̀ náà bọ́ síwájú ọba.

Bí ìjábọ̀ máníjà kan bá wá kọ pé "eré aláwọ̀ dúdú, ó dára fún irú rẹ̀," kì í ṣe eré ló wọ̀n. Nítorí náà, nígbà tó o bá ń fi eré méjì wéra, bi ara rẹ bóyá ohun tó o ń kọ sílẹ̀ wà nínú eré náà ní tòótọ́, àbí ó wà nínú ọkàn rẹ kó tó jáde.

Orúkọ gàdàgbà àti iṣẹ́ tó já fáfá

Eva Tanguay, gbajúmọ̀ akọrin vaudeville, kò ní ohùn tó dára, kò sì mọ ijó jó bí àwọn oníjó. Agbára ló ní, ó ń sáré káàkiri ìtàgé bí ẹni tí iná ń jó, wọ́n sì ń san tó 3,500 dọ́là fún un lọ́sẹ̀. Àwọn akọrin tó mọ iṣẹ́ jù ú lọ wà nínú alẹ́ kan náà tí owó wọn kò tó ìdá mẹ́wàá tirẹ̀. Ṣé ó tọ́? Fún ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó tọ́. Bí kò bá sí gbajúmọ̀ kan tó fa èrò wọlé, akọrin rere yóò kọrin fún àga òfìfo.

Ṣùgbọ́n gbajúmọ̀ méjì lálẹ́ kan ń jẹ ara wọn run, bẹ́ẹ̀ owó ti tán kó o tó ra àwọn méje tó kù. Ẹyọ kan ni mo máa ń mú, máa sì fi owó tó kù wá ẹlẹ́kìtì tó dájú, orin méjì tó yàtọ̀ síra, àti ẹni kan tí mo lè gbé síwájú kọ́tìnì nígbàkígbà.

Ọ̀nà kan wà tí mi ò ní tọ̀. Ní 1896, Oscar Hammerstein, onílé eré kan, gbé àwọn Cherry Sisters, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń kọrin, láti Iowa wá sí New York, nítorí pé eré wọn burú débi tí èèyàn fi ń wá láti sọ ewébẹ̀ lù wọ́n. Owó wọlé. Síbẹ̀, obìnrin tí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ń ṣẹ̀sín, tó ń kọrin tọkàntọkàn, kì í ṣe eré, ìyà ni.

Nígbà tó o bá lọ wò wọ́n

Wo eré kan lẹ́ẹ̀mejì, níwájú èrò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Jókòó sẹ́yìn, má jókòó síwájú. Iwájú ni àwọn ọ̀rẹ́ òṣèré máa ń wà. Fi aago ka iṣẹ́jú, má béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: gbogbo òṣèré ló gbà pé tòun kò ju iṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ní ìdajì eré, yí ojú padà kúrò lórí ìtàgé, wo àwọn tó jókòó. Bí wọ́n bá ń fọwọ́ kan fóònù, kọ iṣẹ́jú náà sílẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti yẹ kí nǹkan kan yọ. Tí ó bá sì kù díẹ̀ kí ó tán, bi òṣèré náà pé kí ló lè ṣe bí aṣọ bá kọ̀ tí kò wálẹ̀. Ẹni tó bá ní èsì fún èyí, mo máa ń san díẹ̀ lé owó rẹ̀.

Fún oṣù tó ń bọ̀, ipò méjì àkọ́kọ́ ló kù fún mi. Ọmọkùnrin kan láti Mọ́kọ́lá wà tó ń gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú táyà iwájú nínú afẹ́fẹ́, tó ń gbé àbúrò rẹ̀ lé èjìká. Ọmọbìnrin kan wà tó ń kọ orin tó fi gìtá kékeré sí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì wù mí ju kẹ̀kẹ́ lọ. Lánàá ló pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi lẹ ó gbé jáde ṣáájú?" Mo ní rárá, àbúrò mi, kẹ̀kẹ́ ló máa ṣáájú. Jẹ́ kí gbogbo wọn jókòó ná.